Iyọ̀ Inú Ìgò

"Kúlúsúmù, níbo lo wà?"

"Ibi iṣẹ́ ni mo wà, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé Ìyá…"

"Ìyá ti lọ."

Kúlúsúmù wo ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì láàbù, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Ó ti lé lóṣù kan tí ìyá wọn kò ti lè dìde lórí ibùsùn nílé wọn ní Òkè-Bálógun, ní Ẹ̀pẹ́. Sèlíátù tó jẹ́ àkọ́bí ló ń tọ́jú rẹ̀. Kúlúsúmù tó tẹ̀ lé e ń gbé ní Lásunwọ̀n, nínú ìlú Ìkòròdú, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló sì máa ń ráyè lọ.

"Ìgbà wo ni?"

"Lẹ́yìn Àsùbáà. Mo fún wọn lómi, wọ́n mu díẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ ọ̀sà lè wọlé. Mo ṣí i. Kí n tó yíjú padà…" Ohùn Sèlíátù wá le, bí ohùn ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ níwájú rẹ̀. "Lèmọ́mù ní bí wọ́n bá ti kírun Àìlà tán, wọ́n á gbé wọn lọ. Àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú ti dé, wọ́n ti ká apá aṣọ wọn sókè. Mo ní kí wọ́n jókòó."

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan Ìyá."

"Ṣé èmi lò ń rán létí ni? Ìwọ ṣáà máa bọ̀."

Ohun tí Ìyá fẹ́ kò ṣòro, kò sì fi pa mọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹja ló yan títí tó fi darúgbó. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, iná ààrò ẹja ràn mọ́ ọn láṣọ, ó sì jó o láti abẹ́ apá òsì títí dé ìbàdí. Láti ọjọ́ náà, kò tún bá obìnrin kankan wẹ̀ ní balùwẹ̀ kan náà mọ́. Bí ooru ti wù kó mú tó, Ìyá Sèlíátù kò ní bọ́ bùbá. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì nìkan ló mọ bí àpá náà ṣe rí.

"Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ wẹ̀ mí," ó máa ń sọ fún wọn. "Ẹ ti ilẹ̀kùn o. Bí ẹ bá lọ jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́nu mímú ọjà Olúwo rí ara mi, màá dìde jókòó, kí n wá wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ sá nínú yín."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ yéé sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Ṣùgbọ́n wọ́n ṣèlérí fún un, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Kúlúsúmù fi etí híjáàbù nu ojú rẹ̀, ó sì pe ọ̀gá rẹ̀ ní yàrá tí wọ́n ti ń darí ẹ̀rọ.

"Ọ̀gá Hussein, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá mi ti kú."

"Ìnnà lílláhì! Kúlúsúmù! Ìyá tó máa ń fi ẹja ránṣẹ́ sí wa nígbà ààwẹ̀?"

"Àwọn ni, sà."

"Háà. Ìyá tó ní kí n jẹ orí ẹja kí n lè gbọ́n. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ìwọ máa lọ. Mubashir ló máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, àbí?"

"Ó ní òun ti wọkọ̀ ojú omi ní Àgbòwà."

"Ó tán. Mú omi àyẹ̀wò ìkẹyìn, wọ̀n ọ́n, fi sílẹ̀ dè é. Màá ní kí Abdussalam fi mọ́tò gbé ẹ dé ẹnu ọ̀nà yín."

Ilé iṣẹ́ iná kékeré kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, létí ọ̀sà, lẹ́yìn ìlú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ láti orí omi, òórùn ẹrẹ̀ àti ẹja á bá ènìyàn dé ibi ẹ̀rọ. Omi ni wọ́n ń sè níbẹ̀, nínú bọ́ílà tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Omi náà á di oru, oru náà á yí ẹ̀rọ ńlá tó ń mú iná wá. Bí oru bá ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, wọ́n á darí rẹ̀ sínú àgbá kan níbi tí omi ọ̀sà ti ń gba inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá. Òtútù ọ̀sà á sọ oru náà di omi padà, wọ́n á sì tún dá a padà sínú bọ́ílà. Omi méjì yìí kò gbọdọ̀ pàdé láéláé. Ara páìpù tí kò nípọn ju èèpo ẹ̀yìn ìwé lọ ló là wọ́n láàárín.

Nígbà òjò, ọ̀sà kì í ní iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé, tí omi òkun bá ti wọlé, àwọn apẹja Ìkòròdú ò nílò kí ẹnì kan sọ fún wọn: ẹja òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í kó sínú àwọ̀n wọn. Ìgbà ọyẹ́ ni ọjọ́ tí mò ń wí yìí.

Iṣẹ́ Kúlúsúmù ni láti máa ṣọ́ iyọ̀. Ṣíbí iyọ̀ kan péré nínú omi ọgbọ̀n tánkà, mítà tó wà nínú láàbù rẹ̀ á rí i. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló kàn án pẹ̀lú ìwọ̀nba iyọ̀ tí kò tó sebẹ̀ fún eṣinṣin. Wọn ò mọ̀ pé iyọ̀ yẹn, bí ó bá bá oru lọ, inú ló ti máa ń jẹ irin, láìsí ẹni tó rí i. Ọdún kejì tó débẹ̀ ni páìpù kan bẹ́. Oru bo ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Tìrìmísíyù. Ó lo ọjọ́ díẹ̀ ní ilé ìwòsàn kó tó kú. Kúlúsúmù wà lára àwọn tó lọ kí ìyàwó rẹ̀, kò sì gbàgbé bí obìnrin náà ṣe ń bi wọ́n pé, "Ṣé kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni?"

Ó lọ sí ìdí ọ̀pá tí omi àyẹ̀wò ti ń ṣàn. Mítà tó ń dá wọ̀n omi fúnra rẹ̀ níbẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n sì ń retí ohun tí wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe, nítorí náà ìgò ni wọ́n fi ń gbe omi wọ láàbù. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà pàápàá ti tán. Ó ṣan ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ omi náà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó ṣan ìgò, ó fi ìdérí rẹ̀ sáàárín àtẹ́lẹwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹkún gbé e. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó tún fi etí híjáàbù nu ún. Ìgò kún. Ó nu ẹnu ìgò náà, ó dé e, ó sì gbé e wọlé.

Méjì ló yẹ kí mítà kọ. Méjì ló ti ń kọ láti ìgbà tí wọ́n ti tún páìpù ṣe. Ó kọ ogójì.

Kúlúsúmù fà sẹ́yìn. Ó da omi náà nù, ó tún lọ gbe òmíràn. Bó ti ń lọ ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé kó má sunkún, ẹkún kò sì gbọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mítà kọjá ogójì.

"Ọ̀gá," ó wí lórí fóònù, "iyọ̀ ti wọ omi."

"Iyọ̀ bí? Lónìí tí mi ò tíì jẹun? Ó dá ẹ lójú?"

"Mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń pọ̀ sí i."

Ó gbọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Páìpù ọ̀sà ti jò nìyẹn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dín ẹ̀rọ kù, kí n rán àwọn ọmọ lọ wá ibi tó ń jò. Bí iyọ̀ náà bá tún gòkè sí i, màá pa ẹ̀rọ pátápátá. Ṣùgbọ́n, Kúlúsúmù, ta ló máa sọ fún mi bó bá gòkè? Mubashir dà?"

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí Mubashir wọ̀ ti kú sórí omi. Kúlúsúmù pè é, ariwo àwọn èrò ọkọ̀ sì kún inú fóònù. Obìnrin kan ń gégùn-ún fún ọlọ́kọ̀.

"Àǹtí, a ò lọ, a ò bọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ wá fà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo gbọ́ nípa Ìyá."

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ."

Níta, Abdussalam awakọ̀ ti yí mọ́tò kọjú sí géètì. Ó tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ọ̀gá Hussein sọ̀ kalẹ̀ wá sí láàbù fúnra rẹ̀. Ọkùnrin abikùn ni, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Mi ò ní sọ fún ẹ pé kí o má lọ," ó wí. "Ìyá kan ṣoṣo lèèyàn ń ní. Bí o bá ní kí n pa ẹ̀rọ báyìí, màá pa á, kí o máa lọ. Ilé ìwòsàn àwọn aláboyún máa wà lókùnkùn, wọ́n á sì pè mí ní orúkọ tí kì í ṣe tèmi. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo mọ̀ bó bá tó pípa."

Kúlúsúmù wo ìgò, ó wo géètì. Bí ó bá ní kí wọ́n pa á, tí kò sì tó pípa ńkọ́? Bí ó bá lọ láìpa á, tí iyọ̀ sì gòkè? Àwọn ọmọkùnrin tó lọ wá ibi tó ń jò ti wà lábẹ́ páìpù báyìí. Ó ń gbọ́ ohùn wọn, wọ́n ń pe ara wọn, ọ̀kan nínú wọn ń kọrin.

"Ẹ jẹ́ kí n tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i," ó wí. "Mubashir kò ní pẹ́ dé."

Ó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà mìíràn mítà á wá sílẹ̀ díẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì fò sókè. Á tún lọ, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á rántí ẹni tó sùn sí Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n fi aṣọ bò lójú, á fi ọwọ́ nu ojú, á gbe omi. Mítà á tún gòkè. Àwọn tó ń wá ibi tó ń jò kò rí i.

Sèlíátù tún pè.

"O ti dé Ìtóìkín?"

"Mi ò tíì kúrò níbí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀?"

"Iyọ̀ ti wọ omi bọ́ílà. Ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi wà lórí ọ̀sà. Bí mo bá fi í sílẹ̀, páìpù lè bẹ́."

"Iyọ̀." Sèlíátù pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó tọ́ nǹkan kíkorò wò. "Kúlúsúmù, ìyá rẹ ló kú o. Kì í ṣe ìyá àwọn aládùúgbò."

"Àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà lábẹ́ páìpù yẹn. Ẹ bá mi bẹ Lèmọ́mù kí wọ́n sún un di Alásárì."

"Mo ti bẹ̀ wọ́n kí n tó pè ẹ́. Wọ́n ní òkú kì í dúró de iṣẹ́ ìjọba. Àwọn obìnrin yìí ti dìde lẹ́ẹ̀mejì, mo ti dá wọn jókòó lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́…"

"Ó dáa. Mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe."

Ó gé fóònù. Kúlúsúmù pè é padà, kò gbé e.

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n pe ìrun Àìlà ní mọ́sálásí kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Kúlúsúmù jókòó sórí àga láàbù. Ó mọ̀ pé ohùn kan náà ń dún ní Òkè-Bálógun, ó sì mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ funfun, pé kò sí ohun tó kù fún òun láti ṣe níbẹ̀.

Mubashir dé tòun ti ṣòkòtò tó tutù dé orúnkún. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ohun tí ènìyàn ń sọ fún ọlọ́fọ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ ìbọ̀wọ́ kan nínú àpò rẹ̀, ó ní òun rà á ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì nígbà tí ti ibi iṣẹ́ ti tán. Ó mú ìgò tuntun, ó jáde lọ gbe omi, ó wọlé, ó wọ̀n ọ́n.

Méjì.

Ó wo mítà náà bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Ó jáde, ó tún wọlé. Méjì. Ó wá mú ìgò Kúlúsúmù, ó ṣàn án lábẹ́ omi àyẹ̀wò títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó gbe omi sí i, ó wọ̀n ọ́n. Méjì náà ni.

"Àǹtí," ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "ta ló ń gbe omi láti àárọ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ má bínú. Ẹ na ọwọ́ yín sí mi."

Ó na ọwọ́. Mubashir da omi mímọ́ díẹ̀ sí i ní ìka, ó gbà á sínú ìgò lábẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e sí mítà. Ìka mítà náà gòkè, kò dúró. Ó kọjá ogójì, ó kọjá ọgọ́rùn-ún, ó ń lọ. Mubashir pa mítà náà. Ó yíjú sí ògiri.

"Ẹkún ni, Àǹtí," ó wí. "Ẹkún àti òógùn."

Kúlúsúmù wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n mọ́. Ojú lásán kò lè rí nǹkan kan lára wọn.

"Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ yìí, Mubashir."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Kí ni ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún ọ nípa ọwọ́?"

Ó ní, "Màá sọ fún ọ̀gá pé ìgò ló dọ̀tí."

"Sọ fún un pé ọwọ́ mi ni."

Òun fúnra rẹ̀ ló padà sọ fún un. Ọ̀gá Hussein gbọ́ ọ tán, ó bọ́ fìlà, ó tún un dé. "Bó bá jẹ́ òótọ́ ni ńkọ́?" ó wí. "Bí páìpù bá bẹ́ ńkọ́? Ohun tó yẹ lo ṣe." Ó sọ ọ́ dáadáa, tọkàntọkàn, Kúlúsúmù sì dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló wọ mọ́tò.

Kò bá Abdussalam sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n kọjá Ìtóìkín, wọ́n kọjá oko pákí àti àwọn igbó tí ọyẹ́ ti sọ di pupa. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń yí padà, níbi tí òórùn ẹja yíyan ti máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn kó tó rí ilé kankan. Kúlúsúmù ti fèrèsé mọ́tò sókè kó tó débẹ̀.

Àwọn ọkùnrin ti ti itẹ́ òkú dé. Wọ́n jókòó síwájú ilé lórí bẹ́ǹṣì, iyanrìn pupa ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Abdulhakeem, àbúrò wọn ọkùnrin, sáré pàdé rẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó sunkún díẹ̀ sí i léjìká. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn àlejò.

"Ẹ̀gbọ́n mi tí mò ń sọ fún yín nìyí. Iyọ̀ ló fẹ́ ba ẹ̀rọ jẹ́ ní Ìkòròdú láàárọ̀ yìí. Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, òkú ì bá sùn níbẹ̀! Wọ́n fi ìsìnkú ìyá wọn sílẹ̀ kí ọmọ ọlọ́mọ má baà kú."

"Ọlọ́run á san án fún wọn," ni bàbá arúgbó kan wí. "Àlùbáríkà ni Ìyá fi lọ."

"Àmín," ni gbogbo wọn wí.

Kúlúsúmù kí wọn, ó wọlé.

Sèlíátù wà nínú yàrá Ìyá. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ kan sì wà ní ìbàdí rẹ̀. Ibùsùn ti ṣófo. Wọ́n ti ká ẹní tó wà lórí rẹ̀.

"Oníná ti dé," Sèlíátù wí, láìgbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ń gbọ́ wọn níta. Wọ́n ti sọ ẹ́ di àǹjànnú rere. Jókòó, kí o sinmi, o ṣiṣẹ́ lónìí."

Kúlúsúmù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Kò sí iyọ̀ kankan," ó wí.

"Kí lo wí?"

"Nínú omi yẹn. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀ rárá. Ọwọ́ mi ló wà. Bí mo bá ti ń gbe omi ni mo máa ń sunkún, màá fi ọwọ́ nu ojú, màá fi ọwọ́ náà di ìgò mú. Omijé ara mi ni mò ń wọ̀n láti àárọ̀, tí mo rò pé ọ̀sà ni."

Sèlíátù wá gbójú sókè. Ó wò ó pẹ́. Níta, Abdulhakeem tún ń sọ ìtàn náà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì ti fi nǹkan kún un.

"Nítorí náà, lásán ni," Sèlíátù wí.

"Lásán ni."

Kúlúsúmù dúró de èébú. Ó fẹ́ kó dé. Ṣùgbọ́n Sèlíátù ń fi àtàǹpàkò tẹ ìbàdí rẹ̀.

"Ta ló bá yín wẹ̀ wọ́n?" Kúlúsúmù béèrè nígbà tó yá.

"Kò sí."

"Kò sí bí?"

"Mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní kí gbogbo wọn dúró síta. Wọ́n ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ní ènìyàn kan kì í dá wẹ òkú, mo ní èmi á dá a wẹ̀." Ó mí. "Ìyá ti rù, ṣùgbọ́n òkú kì í fúyẹ́, Kúlúsúmù. Mo fi aṣọ bò wọ́n bó ti yẹ. Mo ṣe àlùwàlá fún wọn. Mo wẹ apá ọ̀tún. Ó dáa títí débẹ̀. Ọ̀rọ̀ apá òsì ló wá kù, ibi tí wọn kò fẹ́ kí ayé rí."

Kúlúsúmù kò yí ojú kúrò lára rẹ̀.

"Omi ti mú kí pákó tí mo tẹ́ wọn lé máa yọ̀. Mo fi ọwọ́ kan di èjìká mú, mo fi èkejì di ìbàdí. Mo fẹ́ yí wọn. Mi ò ní ọwọ́ mìíràn mọ́. Orí wọn bọ́."

"Ó bọ́?"

"Ó kan pákó. Mo gbọ́ ọ." Ohùn Sèlíátù já. "Àwọn obìnrin tó wà níta náà gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí ló dún. Mo ní abọ́ ni. Mo ń bẹ Ìyá, mo ní, 'Ìyá, ẹ má bínú, ọwọ́ mi ni kò tó.' Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Mi ò ní sọ fún Abdulhakeem. Ìwọ náà má sọ tìrẹ fún un. Jẹ́ kó rí nǹkan dì mú."

Kúlúsúmù kò sọ pé kò sí nǹkan. Kò sọ pé òkú kì í mọ̀ ọ́n lára. "Èmi ló yẹ kó di orí wọn mú," ó wí.

"Ìwọ ni."

Ariwo ìta rọlẹ̀. Ẹnì kan ti ń da omi sínú kẹ́tù láti ṣe àlùwàlá.

"Ẹ fi hàn mí," Kúlúsúmù wí. "Bí wọ́n ṣe sùn lórí pákó. Ẹ fi hàn mí."

Sèlíátù wò ó bí ẹni tó fẹ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ó ti ara rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó ń kérora, ó rọra na ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, ẹsẹ̀ sí ọ̀nà ilẹ̀kùn. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì di ojú. "Báyìí ni," ó wí. "Ẹsẹ̀ wọn wà lọ́hùn-ún. Orí wà níbí."

Kúlúsúmù fi orúnkún rìn dé ibẹ̀. Ó ki àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó wúwo ju bó ti rò lọ.

"Ọwọ́ rẹ tutù," Sèlíátù wí, láìlajú.

"Ṣé kí n mú un kúrò?"

"Má mú un kúrò."